Láti Àmì Ìyàtọ̀ dé Òkúta Ajé: Èdè-Ìperí fún Ìwákiri Ohun Àlùmọ́ọ́nì láti Òfuurufú

1.0 Ìfáárà

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ àti ògbufọ̀ lè fi ṣàlàyé ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń gbà wá ohun àlùmọ́ọ́nì láti òfuurufú. Ọ̀nà náà ni èyí tí ó ń lo iná mànàmáná àti òòfà pọ̀. Bàálù tàbí hẹlikọ́pítà yóò gbé wáyà aláyìípo dání, yóò máa fò ní àlọ àti àbọ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, ẹ̀rọ inú rẹ̀ yóò sì máa ṣe àkọsílẹ̀ èsì tí ó bá ti inú ilẹ̀ wá.

Iṣẹ́ èdè-ìperí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1970 ni ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde fún ìlò àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ìmọ̀ nípa ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ náà yẹ fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣòro tí ó wà nínú ẹ̀ka ìmọ̀ yìí ju àìsí ọ̀rọ̀ lọ. Ògbufọ̀ tí ó bá ń kánjú lè sọ pé 'ẹ̀rọ ti rí bàbà' níbi tí onímọ̀ ti sọ pé ẹ̀rọ gba èsì kan tí ó yàtọ̀ sí ti àyíká. Gbólóhùn méjèèjì jìnnà sí ara wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí àkọ́kọ́ lè tìtorí rẹ̀ ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀, tàbí kí ó fi owó rẹ̀ dókòwò, tàbí kí ó bá aládùúgbò rẹ̀ jà. Kókó tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìpele mẹ́rin ni ó wà láàrin ohun tí ẹ̀rọ gbọ́ lójú òfuurufú àti ohun tí ènìyàn lè wà láti inú ilẹ̀ kí ó sì tà, àti pé ìpele kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

2.0 Bí Ọ̀nà Náà Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

2.1 Òòfà àti iná

Ní ọdún 1831, Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàkíyèsí pé òòfà tí ó bá dúró sójú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà kò mú kí iná ṣàn nínú wáyà náà. Ìgbà tí òòfà bá ń sún mọ́ wáyà tàbí tí ó ń kúrò níbẹ̀, tàbí tí agbára rẹ̀ bá ń pọ̀ sí i tàbí tí ó ń dín kù, ni iná máa ń ṣàn. Ìyípadà ni ó ń fa iná. Wíwà lásán kò tó.

Àyíká tí agbára òòfà dé ni ó yẹ kí a pè ní pápá òòfà. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni pápá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó kàn fẹjú sí i. Ní ti ìṣẹ̀lẹ̀ tí Faraday rí, ẹlòmíràn lè dá ìjíná lábàá. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó sì rọrùn láti pè, ṣùgbọ́n jí ní ìtumọ̀ méjì: ẹni tí ó sùn a máa jí, olè náà a sì máa jí nǹkan. Nígbà tí ó jẹ́ pé gbogbo ènìyàn mọ ẹ̀sùn jíjí iná lò láìsanwó, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ ìjíná lè rò pé olè ni wọ́n ń sọ. Ìtají iná ni ó sàn jù, nítorí pé ta jí kò ní ìtumọ̀ mìíràn ju kí a mú ohun tí ó ń sùn dìde lọ.

Ohun tí iná lè gba inú rẹ̀ ṣàn ni ohun agbéná. Bí ó ṣe rọrùn tó fún iná láti ṣàn nínú rẹ̀ ni agbára ìgbéná rẹ̀. Bàbà ní agbára ìgbéná púpọ̀. Òkúta akọ kò ní in tó bẹ́ẹ̀ rárá.

2.2 Lílé àti ègbè

Wáyà aláyìípo tí bàálù gbé dání ní iná tí ó ń yí padà nínú. Iná yìí dá pápá òòfà kan sílẹ̀, tí òun náà ń yí padà, tí ó sì wọ inú ilẹ̀ lọ. Bí ó bá kan ohun agbéná nínú ilẹ̀, yóò ta iná jí nínú rẹ̀. Iná tí a ta jí yìí kì í lọ tààrà; ó ń pòòyì nínú ohun agbéná náà bí omi odò ṣe ń pòòyì lẹ́yìn àpáta. Nítorí náà ni ìṣàn olóòyì fi bá a mu. Ìṣàn olóòyì náà yóò dá pápá òòfà tirẹ̀ sílẹ̀, èyí yóò sì padà wá bá wáyà kejì tí ó ń tẹ́tí lójú òfuurufú.

Pápá méjì ni ó wà níbí, ó sì ṣe pàtàkì kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì. Àwọn tí ó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn ti ní ọ̀rọ̀ tí ó ṣe rẹ́gí. Nínú orin, olórí olórin ni ó máa ń lé, àwọn elégbè a sì gbè é. Ègbè kò lè wáyé bí kò bá sí lílé, síbẹ̀ ohùn elégbè kì í ṣe ohùn ẹni tí ó lé orin. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni pápá lílé, tí ó ti ọ̀dọ̀ bàálù wá, àti pápá ègbè, tí ó ti inú ilẹ̀ dìde. Ìyàtọ̀ kan wà tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ fò: ègbè inú ilẹ̀ kéré púpọ̀ sí lílé. Ìdá mílíọ̀nù ni wọ́n fi ń wọn ègbè nínú ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà náà, ó sì ń yára dín kù bí bàálù bá ṣe ga tó. Ìdí nìyí tí hẹlikọ́pítà fi máa ń gbé ohun èlò náà kọ́ sí ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ pẹ̀lú okùn gígùn, tí ohun èlò náà fi ń rìn ní nǹkan bí mítà 30 péré sí ilẹ̀.

2.3 Ọ̀nà àìdákẹ́ àti ọ̀nà adákẹ́gbọ́

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gbọ́ ègbè kékeré yìí. Nínú èkínní, lílé kì í dákẹ́. Iná inú wáyà ń yí padà láìdúró, láti ọgọ́rùn-ún mélòó kan ìgbà títí dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ ní láti yọ lílé kúrò kí ó tó lè gbọ́ ègbè. Ìyípadà tí ó bá yára kì í wọ ilẹ̀ jìnnà, èyí tí ó bá lọ́ra a máa wọlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá lo oríṣiríṣi ìyára pa pọ̀, wọ́n lè mọ ohun tí ó wà nítòsí àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Ọ̀nà àìdákẹ́ ni orúkọ tí ó bá èyí mu.

Nínú ọ̀nà kejì, wáyà yóò lé fún ìgbà díẹ̀, yóò sì dákẹ́ lójijì. Nígbà ìdákẹ́jẹ́ náà ni ẹ̀rọ ń tẹ́tí sí bí ègbè ṣe ń rọlẹ̀. Nínú ohun tí agbára ìgbéná rẹ̀ kéré, ìṣàn olóòyì a tètè kú. Nínú èyí tí agbára ìgbéná rẹ̀ pọ̀, a pẹ́ kí ó tó kú. Ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń ka àkókò yìí. Anthony Barringer wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ mú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fò, ní Kánádà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ọ̀nà adákẹ́gbọ́ ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohùn kékeré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa ẹnu tirẹ̀ mọ́.

2.4 Èyí tí ó yàtọ̀ sí i

Kì í ṣe gbogbo bàálù tí ó ń wá àlùmọ́ọ́nì ni ó ń lé. Àwọn mìíràn ń wọn òòfà tí ó wà nínú òkúta fúnra rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń ka ìtànṣán tí ó ń jáde láti ojú ilẹ̀. Irú ìwọ̀n méjì yìí ni àjọ ìjọba tí ó ń rí sí ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ní Nàìjíríà mú kí bàálù ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè náà láàrin ọdún 2003 sí 2010. Nínú méjèèjì, gbígbọ́ nìkan ni ẹ̀rọ ń gbọ́. Kò sí lílé, nítorí náà kò sí ègbè. Bí ògbufọ̀ bá pe gbogbo wọn ní orúkọ kan, yóò ti fi nǹkan pamọ́ fún àwọn òǹkàwé rẹ̀.

3.0 Ohun tí Ẹ̀rọ Kò Lè Sọ

Agbára ìgbéná nìkan ni ẹ̀rọ yìí ń dáhùn sí. Kò mọ bàbà yàtọ̀ sí ohun agbéná mìíràn. Gíráfáìtì, ohun dúdú tí ó wà nínú pẹ́ńsù ìkọ̀wé, pọ̀ nínú àwọn òkúta àtijọ́ kan, ègbè rẹ̀ sì lè dún bí ti bàbà. Àdàpọ̀ irin àti imí ọjọ́ tí kò ní owó lórí náà a máa gbè dáadáa. Omi oníyọ̀ tí ó wà nínú ilẹ̀ ń gbè. Amọ̀ ń gbè. Ọgbà onírin àti okùn iná mànàmáná tí ó gba orí oko kọjá náà lè da ohùn rú.

Ní ọ̀nà kejì, àwọn ohun tí ó níye lórí wà tí kì í gbè. Àdàpọ̀ síǹkì àti imí ọjọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé iná bí kò bá sí àlùmọ́ọ́nì mìíràn tí ó ń gbé iná pẹ̀lú rẹ̀. Wúrà ni ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́ jù. Wúrà fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun agbéná tí ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n nínú òkúta, ẹ̀rún rẹ̀ kéré, wọn kò sì so mọ́ ara wọn, débi pé iná kò lè gba inú wọn pòòyì. Ẹ̀rọ lè fò kọjá lórí wúrà láìgbọ́ nǹkan kan. Ohun tí ó lè gbọ́ ni àwọn òkúta tí ó bá wúrà rìn, bí wọ́n bá ń gbé iná.

Ní àwọn ilẹ̀ olóoru tí òjò pọ̀ sí, irú èyí tí ilẹ̀ Yorùbá jẹ́, òkúta a máa jẹrà di amọ̀ títí dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ mítà nísàlẹ̀. Ìbòrí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbé iná, kí ègbè rẹ̀ sì bo ti ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Èsì tí bàálù gbà nílò ọ̀mọ̀ràn.

4.0 Àpẹẹrẹ kan: Kidd Creek

Ìtàn kan wà tí ó fi hàn pé yíya àwọn ìpele sọ́tọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ọdún 1957 ni ilé-iṣẹ́ Texas Gulf Sulphur ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwákiri ní ìhà ìlà-oòrùn Kánádà. Ní ọdún 1959, wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ tí ó lé ní máìlì 15,000 níbùú lóròó wò láti òfuurufú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi ni ẹ̀rọ ti gba èsì tí ó yàtọ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà lórí ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Kidd 55, nítòsí ìlú Timmins ní ìpínlẹ̀ Ontario.

Ní ọjọ́ 29 àti ọjọ́ 30 oṣù Ọ̀wàwà ọdún 1963, wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sórí ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Àyẹ̀wò yìí fi hàn pé èsì tí bàálù gbà kì í ṣe àṣìṣe, ó sì fi hàn pé lílu ilẹ̀ nìkan ni ó lè sọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ní oṣù Bélú ọdún kan náà, wọ́n lu ihò àkọ́kọ́, tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 655. Nígbà tí àyẹ̀wò ilé kẹ́míkà dé ní oṣù Ọ̀pẹ, ó fi hàn pé láàrin ẹsẹ̀ bàtà 602 nínú ihò náà, bàbà jẹ́ ìdá 1.18 nínú ọgọ́rùn-ún, síǹkì jẹ́ ìdá 8.26, fàdákà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ilé-iṣẹ́ náà dá lílu ilẹ̀ dúró, ó sì ń ra ilẹ̀ àyíká láìsọ nǹkan kan. Ní àkókò náà, àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ó mọ àṣírí yìí ń ra ìpín ìdókòwò ilé-iṣẹ́ wọn. Ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1964 ni ìlulẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Igbe, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé àhesọ tí ó ń lọ ti pọ̀ jù, àti pé iṣẹ́ kò tíì dé ibi tí ẹnikẹ́ni lè sọ ohun tí ó dájú. Ní ọjọ́ 16 oṣù kan náà, ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn èyí, ó kéde pé òkúta ajé tí ó wà níbẹ̀ kò dín ní mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 25.

Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́. Ìbéèrè tí ó wà níwájú àwọn adájọ́ fara jọ ìbéèrè ògbufọ̀: kí ni ènìyàn mọ̀ nígbà tí ó ti rí ihò kan ṣoṣo? Ihò kan kò lè fi ìdí ibi ìwakùsà múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1968, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dájọ́ pé ohun tí ihò náà fi hàn ti tó ohun tí ó lè yí ìpinnu olùdókòwò padà, àti pé ẹni tí ó bá mọ irú ohun bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n kí ó tó ra ìpín, tàbí kí ó má rà á rárá. Àwọn tí ó ta ìpín tiwọn láìmọ̀ ni ó pàdánù. Ìwakùsà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1966, ó sì wọ ilẹ̀ lọ títí tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 3.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá pe àmì ní òkúta ajé ń ṣi aráàlú lọ́nà. Ẹni tí ó bá sì ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́ tí ó ń pè é ní àhesọ náà ń ṣi wọ́n lọ́nà. Èdè tí ó ní ọ̀rọ̀ fún ìpele kọ̀ọ̀kan ni ó lè dènà méjèèjì.

5.0 Ìpele Mẹ́rin, Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin

(i) Àmì ìyàtọ̀. Èyí ni ibi tí èsì ilẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti àyíká rẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n pè é ní àbùkù tàbí àṣìṣe, nítorí pé kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Àyíká ni ó ń sọ ohun kan di àmì ìyàtọ̀: ohun tí yóò dá yàtọ̀ láàrin òkúta akọ lè má hàn rárá láàrin amọ̀.

(ii) Ohun agbéná. Nígbà tí àyẹ̀wò orí ilẹ̀ bá ti fi hàn pé àmì náà ti inú ilẹ̀ wá, tí ìṣirò sì ti sọ bí ó ṣe jìn tó àti ibi tí ó dorí kọ, onímọ̀ lè sọ pé ohun agbéná wà níbẹ̀. Kò tíì mọ irú ohun tí ó jẹ́.

(iii) Ìṣùjọ àlùmọ́ọ́nì. Nígbà tí ihò bá ti mú òkúta jáde, tí ilé kẹ́míkà sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ àti ìwọ̀n ohun tí ó wà níbẹ̀ di mímọ̀. Bí ó bá jẹ́ gíráfáìtì ni, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

(iv) Òkúta ajé. Èyí ni òkúta tí wíwà rẹ̀ yóò mú èrè wá. Iye tí wọ́n ń ta bàbà, ọ̀nà tí ó dé ibẹ̀, àti jíjìn ihò wà lára ohun tí ó ń pinnu rẹ̀. Nítorí náà, òkúta ajé ọdún yìí lè má jẹ́ òkúta ajé mọ́ ní ọdún tí ń bọ̀, bí owó ọjà bá já wálẹ̀, bí ohun kankan kò tilẹ̀ yí padà nínú òkúta náà.

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà gbọ́dọ̀ bá ọ̀rọ̀-orúkọ lọ. Ẹ̀rọ inú bàálù gbọ́ àmì ìyàtọ̀. Onímọ̀ fura sí ohun agbéná. Ihò fi ìṣùjọ àlùmọ́ọ́nì hàn. Ìṣirò èrè fi ìdí òkúta ajé múlẹ̀. Kò yẹ kí ògbufọ̀ lo rí fún iṣẹ́ bàálù. Ọdẹ tí ó bá ojú ẹsẹ̀ ẹfọ̀n pàdé kò ní sọ fún ará ilé pé òun ti pa ẹfọ̀n.

6.0 Lílò Wọn ní Kíláàsì

Olùkọ́ lè fi ohun tí kò wọ́n ṣe àlàyé ìṣàn olóòyì. Kí ó wá páìpù alumíníọ́ọ̀mù kan àti páìpù oníke kan tí wọ́n gùn bákan náà, àti òòfà kékeré kan tí ó lágbára. Bí ó bá ju òòfà sínú páìpù oníke, kíá ni yóò já bọ́ sílẹ̀. Bí ó bá jù ú sínú ti alumíníọ́ọ̀mù, yóò rọra máa sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ òòfà kì í fa alumíníọ́ọ̀mù mọ́ra. Òòfà tí ó ń lọ ti ta iná jí nínú páìpù, iná ti pòòyì, pápá ègbè rẹ̀ sì ń ti òòfà padà. Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè bóyá òòfà náà mọ̀ pé alumíníọ́ọ̀mù ni òun bá pàdé. Páìpù bàbà yóò ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti lóye ìdí tí àmì kò fi lè sọ orúkọ ohun tí ó mú un wá.

7.0 Àkójọ Ọ̀rọ̀

Agbára ìgbéná: bí ó ṣe rọrùn tó fún iná láti ṣàn nínú ohun kan.
Àmì ìyàtọ̀: ibi tí èsì ilẹ̀ kò ti bá ti àyíká mu.
Ìbòrí ilẹ̀: amọ̀, iyanrìn tàbí òkúta tí ó ti jẹrà, tí ó bo òkúta gidi mọ́lẹ̀.
Ìṣàn olóòyì: iná tí a ta jí, tí ó ń pòòyì nínú ohun agbéná.
Ìṣùjọ àlùmọ́ọ́nì: ibi tí àlùmọ́ọ́nì kan ti kó jọ sí nínú òkúta.
Ìtají iná: mímú kí iná ṣàn nípa yíyí pápá òòfà padà.
Ohun agbéná: ohun tí iná lè gba inú rẹ̀ ṣàn.
Òkúta ajé: òkúta tí wíwà rẹ̀ yóò mú èrè wá.
Ọ̀nà adákẹ́gbọ́: ọ̀nà tí lílé ti ń dákẹ́ kí ẹ̀rọ tó gbọ́ ègbè.
Ọ̀nà àìdákẹ́: ọ̀nà tí lílé àti ègbè ti ń lọ pọ̀.
Pápá ègbè: pápá òòfà tí ìṣàn olóòyì dá sílẹ̀.
Pápá lílé: pápá òòfà tí wáyà inú òfuurufú dá sílẹ̀.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà lókè yìí ti orísun mẹ́ta wá: ìfẹjú ìtumọ̀, bíi pápá, ìṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe, bí agbéná, àti yíyá láti ẹ̀ka ìmọ̀ mìíràn nínú èdè kan náà, bíi lílé àti ègbè. Ọ̀rọ̀ àyálò láti èdè mìíràn kò pọn dandan àfi fún orúkọ àwọn ohun bíi gíráfáìtì. Bí àwọn olùkọ́ bá rí ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju ọ̀kan nínú wọn lọ, kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ohun tí kò gbọdọ̀ yí padà ni iye wọn. Ìpele mẹ́rin ni, kí ọ̀rọ̀ wọn má sì ṣe dín ní mẹ́rin, kí àgbẹ̀ tí bàálù fò kọjá lórí oko rẹ̀ lè béèrè èyí tí ó ṣẹlẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó sì rí ìdáhùn tí ó péye gbà ní èdè rẹ̀.